Ìka Kẹrin Tó Hù Nínú Ìwé Ìjọba

Ẹ̀yin ọmọ, ẹ wá, ẹ sún mọ́ mi, ẹ jẹ́ kí eékún kan eékún. Ìwọ tó dúró lẹ́nu ọ̀nà, wọlé kí o ti ilẹ̀kùn, nítorí ìtàn ẹkùn kì í ṣe ohun tí ènìyàn ń kọ ẹ̀yìn sí òkùnkùn gbọ́. Ẹ lè rẹ́rìn-ín. Èmi náà ò tíì sọ ọ́ rí kí n má rẹ́rìn-ín. Ibi tí ẹ bá rí i pé mo dákẹ́ nìkan ni kí ẹ bá mi dákẹ́.

Obìnrin kan wà ní erékùṣù Hentalbari, níbi tí àwọn odò ilẹ̀ Bẹ́ńgálì ti ń fọ́n ká kí wọ́n tó dé òkun. Kalidasi ni orúkọ rẹ̀. Ọkọ rẹ̀, Horipodo, a máa wọ igbó lọ kó oyin, ibẹ̀ ni ẹkùn ti gbé e lọ́dún méjì sẹ́yìn. Kì í ṣe ẹkùn alámì tótòtó o. Ẹkùn onílà ni, èyí tó gùn ju bẹ́ẹ̀dì lọ, tó sì mọ odò wẹ̀ bí ẹja. Aṣọ ìnura Horipodo nìkan ni wọ́n rí mú bọ̀ wálé. Ṣùgbọ́n Kalidasi tẹ̀ lé àwọn tó lọ wá a, ó sì rí ipa ẹsẹ̀ nínú ẹrẹ̀. Ìka mẹ́ta. Ìka mẹ́rin ni ẹkùn máa ń tẹ̀ mọ́lẹ̀, ẹ fi sọ́kàn. Ti èyí, ọ̀kan ti gé kúrò lẹ́sẹ̀ ọ̀tún iwájú. Obìnrin náà bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó tẹjú mọ́ ọn títí omi fi kún wá pa á rẹ́.

Lẹ́yìn Horipodo, oníka-mẹ́ta yìí pa akóyin kan, ó tún pa obìnrin kan tó ń mú akàn ní Odò Tóóró, ìyẹn ẹ̀ka omi kékeré tó wọ inú igbó lọ ní òdìkejì abúlé. Kalidasi kò sì ní ju ọmọ kan ṣoṣo lọ láyé, Minoti, ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún. Iṣẹ́ wo ni Minoti ń ṣe? Akàn ló ń mú. Ó mọ̀ ọ́n mú débi tí wọ́n fi ń sọ pé akàn ló ń na ọwọ́ sí i pé kó wá fa òun. Láti ọjọ́ tí obìnrin náà ti kú, Kalidasi ti fòfin de Odò Tóóró fún un, ọmọ náà sì gbọ́ràn, akàn etí bèbè ló ń mú.

Ó yá, ẹ jẹ́ kí n mú ọ̀gá wa jáde. Ẹ dìde ná. Ẹ tún jókòó. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n máa ń ṣe nígbàkígbà tó bá ń bọ̀.

Ọ̀gá Nibaran Chakladar ni olórí ọ́fíìsì igbó fún gbogbo erékùṣù méje apá ibẹ̀. Ikùn rẹ̀ a máa dé ìpàdé ṣáájú rẹ̀, ohùn rẹ̀ a sì ti dé ṣáájú ikùn. Bọ́tìnnì idẹ mẹ́rìnlá ló wà lára ẹ̀wù rẹ̀, ẹ̀ṣọ́ kan wà tí kò ní iṣẹ́ mìíràn ju kó máa fi aṣọ nù wọ́n. Kò fi ẹsẹ̀ kan igbó náà rí, láti orí ọkọ̀ ló ti ń wò ó, ó sì máa ń kọ ọ́ sínú ìwé pé igbó ti kí òun. Akọ̀wé rẹ̀, Gopen, ló ń gbé agbòòrùn lé e lórí, àní nínú ilé. Bí ọ̀gá bá sín, Gopen á ní, "Ẹ ṣeun, sà. Afẹ́fẹ́ ti mọ́." Bí ọ̀gá bá dákẹ́, Gopen á mí kanlẹ̀ bí ẹni tí wọ́n gba oúnjẹ lẹ́nu rẹ̀.

Àṣẹ àkọ́kọ́ tí ọ̀gá yìí pa nìyí. Ará Hentalbari kì í pe orúkọ ẹkùn mọ́ ọn lójú. Ẹ̀gbọ́n Ìyá ni wọ́n ń pè é, bí ènìyàn ṣe ń pe ẹ̀gbọ́n tí wọ́n bí ìyá rẹ̀ lé, kó lè rántí pé ẹbí ni wá kó sì bá tirẹ̀ lọ. Inú bí Nibaran. Ó ní ìjọba kò bá ẹranko tan. Láti ọjọ́ náà lọ, gbogbo ènìyàn gbọ́dọ̀ máa pè é ní Ẹranko Onílà Tó Wà Lábẹ́ Àbójútó Ìjọba.

Bàbá Sattar, àgbà akóyin tó ti wọ igbó fún ogójì ọdún, na ọwọ́ sókè. "Ọ̀gá, mo ní ìbéèrè kan. Tó bá fò yọ sí mi ńkọ́? Kí n tó pe orúkọ yẹn dé ìdajì, ṣé kò ní tíì jẹ ìdajì mi?"

"Kọ ọ́ sílẹ̀, Gopen," ni ọ̀gá wí. "Bàbá yìí ò ní sùúrù."

Àṣẹ kejì dùn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ mọ̀ pé ẹ̀yìn ni ẹkùn ti ń wá, torí náà àwọn akóyin a máa de ìbòjú mọ́ ẹ̀yìn orí, kí ẹkùn lè rò pé ojú ènìyàn ló ń wo òun. Nibaran ní kí wọ́n ya ojú òun sára gbogbo ìbòjú, pẹ̀lú irunmú. Gopen ní, "Ẹkùn wo ló máa rí ojú yìí tí kò ní dọ̀bálẹ̀?" Àwọn akóyin dè é lẹ́ẹ̀kan péré. Ẹni tó wà lẹ́yìn ń wo ojú ọ̀gá lórí ẹni tó wà níwájú, ẹ̀rín pa wọ́n débi pé oyin gbọ́, ó sì ta gbogbo wọn. Wọ́n bá lọ fi àwọn ìbòjú náà kọ́ oko ìrẹsì láti lé ẹyẹ. Ẹyẹ bà lé e, wọ́n ṣu sí irunmú.

Nígbà tí obìnrin apakàn náà kú, abúlé pé jọ láti sọ ohun tí wọn yóò ṣe sí apànìyàn. Àwọn kan ní kí ìjọba mú un, kó tì í mọ́lé títí ayé.

"Ẹni tó pa ènìyàn, ẹ̀wọ̀n ló ń lọ," ni ọkùnrin kan wí. "Ṣé torí pé ó ní ìrù la ó ṣe fi í sílẹ̀?"

Bàbá Sattar mi orí. "Ẹ̀wọ̀n kẹ̀? Ta ló lọ bá ta nílé? Àwa la kan ilẹ̀kùn rẹ̀. Bí ẹ bá sì kó gbogbo wọn kúrò nínú igbó, àwọn agégi á wọlé lọ́jọ́ kejì, wọn ò ní fi ewé kan sílẹ̀ fún yín."

"Bàbá, ẹ rí i sọ nítorí kò tíì jẹ ẹnìkan nílé yín."

"Ó jẹ àbúrò mi. O kò tíì dáyé."

Wọ́n yíjú sí Kalidasi nínú aṣọ funfun opó rẹ̀. Ó ní, "Ní ọjọ́ kan, mo fẹ́ kí wọ́n pa á. Ní ọjọ́ kejì, mo fẹ́ kí wọ́n tì í mọ́lé kí n lè máa lọ wò ó láràárọ̀, kí n bi í pé kí ni Horipodo ṣe fún un. Èmi ò mọ̀. Ohun tí mo mọ̀ ni pé ẹni tó ṣe é ni kí ẹ mú."

Ọ̀gá Nibaran kò mọ̀ rárá pé ìbéèrè wà nínú ọ̀rọ̀ náà. Ó ti rí i lójú àlá pé wọ́n fi òdòdó kọ́ òun lọ́rùn ní Kolkata, olú ìlú wọn. Ó kọ́ ilé irin ńlá kan sórí ilẹ̀ gíga lẹ́gbẹ̀ẹ́ adágún omi dídùn, yàrá méjì, ọ̀kan fún ẹkùn ọdún yìí, ọ̀kan fún ẹkùn ọdún tó ń bọ̀. Ilẹ̀kùn irin tó máa ń já bọ́ láti òkè ló wà níbẹ̀. Bó bá ti já, ẹni tó wà níta nìkan ló lè fi okùn fà á sókè. Ó ní kí wọ́n pè é ní Ààfin Àánú. Ó ní kí wọ́n so ewúrẹ́ mọ́ inú pańpẹ́ létí igbó, nígbà tó sì di ọjọ́ kẹrin, ẹkùn kan kó sí i.

Kí ọ̀gá tó rí ẹkùn náà sójú, ó ti kọ̀wé sí Kolkata: a ti mú apànìyàn. Mínísítà fèsì pé òun ń bọ̀ wá wò ó.

Kalidasi lọ wò ó ní àárọ̀ ọjọ́ tí wọ́n gbé e kúrò nínú pańpẹ́ wá sínú Ààfin Àánú, ọjọ́ kẹfà tí wọ́n ti mú un. Ó ti di ọkàn rẹ̀ gírí, ó ti kó ìbéèrè ọdún méjì sẹ́nu. Ẹkùn náà wò ó láti inú irin. Eyín rẹ̀ funfun nini, bí ìrẹsì yíyan. Ọmọdé ẹkùn ni. Kalidasi bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó wo ẹsẹ̀ ọ̀tún iwájú rẹ̀ nínú ẹrẹ̀. Ó kà á lẹ́ẹ̀kan, ó kà á lẹ́ẹ̀kejì. Gbogbo ìbéèrè ẹnu rẹ̀ gbẹ.

Ó lọ sí ọ́fíìsì. Ẹ̀ṣọ́ fọn fèrè lẹ́ẹ̀mẹta kí ọ̀gá tó gbójú sókè.

"Ọ̀gá, kì í ṣe òun."

"Ta ni kì í ṣe ta ni?"

"Ẹkùn yìí kọ́ ló pa ọkọ mi. Ìka mẹ́ta ni tọ̀hún ní. Mẹ́rin ni tèyí."

Nibaran wo Gopen. Gopen wo òrùlé. Ìwé ti lọ sí Kolkata, ìwé kì í sì í padà wẹ odò. Ọ̀gá sún sẹ́yìn lórí àga, ó pa ojú dé, ó la ojú. "Ìwọ obìnrin yìí, ọjọ́ mélòó ni ẹkùn náà ti wà lọ́wọ́ ìjọba?"

"Ọjọ́ mẹ́fà, sà," ni Gopen dáhùn.

"Kí ló ń jẹ?"

"Ewúrẹ́ ìjọba, sà."

"Gopen, kọ ọ́ sílẹ̀. Nípasẹ̀ oúnjẹ àti ìtọ́jú tí kò lẹ́gbẹ́ lábẹ́ àkóso mi, ìka kẹrin apànìyàn náà ti hù."

Ẹ má wò mí bẹ́ẹ̀, ẹ̀yin ọmọ. Bó ṣe sọ ọ́ nìyẹn. Gopen kọ ọ́, ó fi òǹtẹ̀ lù ú, ó sì mí kanlẹ̀ nítorí ẹwà gbólóhùn náà.

"Nítorí náà," ni ọ̀gá ń bá a lọ, "kò sí ewu kankan mọ́ nínú igbó. Mo ti ṣí Odò Tóóró padà. Lọ́jọ́ tí Mínísítà bá wá, bí mo bá ti parí ọ̀rọ̀ mi, apakàn kan yóò tu ọkọ̀ rẹ̀ wọ Odò Tóóró lójú gbogbo ènìyàn, kí Mínísítà lè fi ojú ara rẹ̀ rí àlàáfíà tí mo mú wá. Ta ló mọ akàn mú jù lọ ní Hentalbari?"

"Minoti, sà," ni Gopen wí. "Ọmọ obìnrin yìí gan-an."

Ẹ wo ibi tí mo dákẹ́ sí.

Kalidasi kúnlẹ̀. Kò sí ẹ̀bẹ̀ tí kò bẹ̀. Ọ̀gá ní kó dìde, pé kò yẹ kí ènìyàn máa sunkún nígbà tí wọ́n bá dá ọmọ rẹ̀ lọ́lá. Ó ní bí Minoti bá kọ̀, òun yóò gba ìwé àṣẹ akàn àti ti oyin lọ́wọ́ gbogbo abúlé. Minoti gbọ́, ó ní, "Ìyá, màá lọ. Ṣé kí ebi wá pa gbogbo ilé tìtorí tèmi?" Ó ń rẹ́rìn-ín bó ṣe ń sọ ọ́, ṣùgbọ́n Kalidasi rí i pé okùn akàn kan náà ló ń so tó tún ń tú.

Bàbá Sattar ló wá bá wọn nílé, ó jókòó sórí ẹní, ó ń jẹ ìrẹsì yíyan díẹ̀díẹ̀. "Ìyá Minoti, aago mélòó ni Mínísítà ń dé?"

"Wọ́n ní ọ̀sán gangan."

"Omi òkun á kún wọ odò dé góńgó lọ́jọ́ yẹn ní nǹkan bí aago kan. Lẹ́yìn náà á bẹ̀rẹ̀ sí í fà. Bó bá fi máa di aago mẹ́rin, ẹrẹ̀ lásán ló máa wà nínú Odò Tóóró. Ọkọ̀ Minoti ò ní rí omi gùn." Ó gbé ìkúnwọ́ kan sẹ́nu, ó jẹ ẹ́ tán kó tó tún sọ̀rọ̀. "Ọ̀gá wa fẹ́ràn ọ̀rọ̀ sísọ."

Kalidasi wò ó. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ mẹ́ta, ẹ̀rín fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ sí i lẹ́nu.

Ọjọ́ pé. Mínísítà gúnlẹ̀ pẹ̀lú ọkọ̀ ẹ́ńjìnnì ńlá funfun àti ènìyàn mẹ́sàn-án. Ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ ni, inú ń run ún, ó sì hàn lójú rẹ̀ pé bẹ́ẹ̀dì òun ló ń rò. Wọ́n fi òdòdó kọ́ ọ lọ́rùn. Wọ́n fi òdòdó kọ́ Nibaran lọ́rùn ní ìlọ́po méjì. Minoti jókòó sínú ọkọ̀ kékeré rẹ̀ létí odò, pẹ̀lú àjẹ̀ lórí itan, ó ń dúró kí ọ̀rọ̀ parí.

Nibaran dìde. Gopen fún un ní ìwé tó nípọn bí ìrọ̀rí.

"Mínísítà tí à ń bọlá fún, àti ẹ̀yin tí a kò tíì máa bọlá fún. Kí a tó lè mọ bí mo ṣe mú ẹkùn, a gbọ́dọ̀ mọ bí bàbá bàbá mi ṣe gbé ìyàwó."

Ó sọ ti bàbá bàbá rẹ̀. Ó sọ pé nígbà tí ìyá òun lóyún òun, ó lá àlá pé òun gbé òṣùpá mì, òṣùpá náà sì wọ bàtà. Wákàtí kan kọjá. Omi kún dé góńgó, ó dúró, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fà. Nígbà tó fi máa di aago méjì ààbọ̀, ojú Mínísítà ti ń rọ̀, Nibaran sì rí i, ó ṣí ojú ìwé mẹ́wàá papọ̀. Ó ní, "Láti gé e kúrú..."

Kalidasi rí i pé omi ṣì wà nínú odò. Ó dìde láàrin àwọn opó.

"Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe gé e. Ẹ ti fo ìgbà tí ẹ wà nílé ìwé. Ṣé báyìí la ó ṣe lọ sílé láì gbọ́ ọ?"

Nibaran dúró. Ọdún mọ́kànlá ló ti wà ní erékùṣù yẹn, ẹnìkankan ò bẹ̀ ẹ́ rí pé kó máa sọ̀rọ̀ lọ, yàtọ̀ sí Gopen tó ń gba owó oṣù. Ojú rẹ̀ rọ̀. Ó ṣí ojú ìwé mẹ́wàá náà padà.

Bí ọ̀rọ̀ ọ̀gá ṣe kúrò nílé ìwé, Bàbá Sattar na ọwọ́ sókè. "Ọ̀gá, etí mi kan kò gbọ́ràn, òun ni mo sì kọ sí yín nígbà tí ẹ ń sọ ti bàbá bàbá yín. Ẹ bá mi tún un sọ sí etí kejì."

Ó tún un sọ. Àwọn obìnrin pàtẹ́wọ́. Wọ́n ní kó sọ bó ṣe ṣègbéyàwó. Wọ́n ní kó sọ bọ́tìnnì rẹ̀ níkọ̀ọ̀kan. Opó kan nu ojú tó gbẹ kanrankanran. Gopen ń wò yíká bí ẹni tí wọ́n jí iṣẹ́ rẹ̀ lọ.

Kalidasi sọ̀kalẹ̀ lọ fún Minoti ní omi mu. Minoti sọ jẹ́ẹ́, "Ìyá, kí ló dé tí ẹ ń ṣe bíi Gopen?"

"Wo ẹ̀yìn mi. Omi dé ibo lára òpó èbúté?"

"Ó ti kúrò lára òpó kejì. Ìsàlẹ̀ ọkọ̀ mi ti ń ha ilẹ̀."

"Pàtẹ́wọ́," ni Kalidasi wí, "kó o pa á kó dún."

Nígbà tí Nibaran kígbe pé, "Àti nísinsìnyí, ẹ wo ọmọbìnrin tó máa wọ igbó láìfòyà," aago mẹ́rin ti kọjá. Gbogbo ènìyàn yíjú sódò. Kò sí odò. Ẹrẹ̀ ló tẹ́ rẹrẹ, ó ń dán, àwọn akàn kéékèèké ń rìn lórí rẹ̀. Minoti jókòó sínú ọkọ̀ rẹ̀ lórí ilẹ̀, ó fi àjẹ̀ lu ẹrẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì kí wọ́n lè rí i pé òun gbìyànjú.

Ṣùgbọ́n ohun mìíràn tún wà lórí ẹrẹ̀. Atukọ̀ Mínísítà sáré dé.

"Sà, ọkọ̀ ti jókòó."

"Jókòó síbo?" ni Mínísítà bi í.

"Sórí ẹrẹ̀, sà. Ó ti ń dà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Mo fọn fèrè ọkọ̀ títí, ìpàtẹ́wọ́ ò jẹ́ kí ẹ gbọ́."

"Ìgbà wo ló máa dìde?"

"Omi á kún lóru, sà, ṣùgbọ́n èmi ò lè tu ọkọ̀ láàrin àwọn òkìtì ẹrẹ̀ yìí nínú òkùnkùn. Ó di àfẹ̀mọ́júmọ́."

Mínísítà yíjú sí Nibaran. "Ẹ ò mọ̀ pé omi ń fà ni?"

"Mo kọ̀wé sí ẹ̀ka tó ń bójú tó omi ní oṣù mẹ́ta sẹ́yìn, sà," ni Nibaran wí. "Wọn ò tíì fèsì."

Oòrùn ń wọ̀. Mínísítà ṣàkíyèsí pé àwọn ará abúlé ń kó ewúrẹ́ wọlé, wọ́n ń ti ilẹ̀kùn, wọ́n ń fi igi dá a dúró. Ó bi Kalidasi tó ń kọjá lọ pé, "Ìyá, kí lẹ ń sá fún? Ṣebí wọ́n ti mú un."

Kalidasi sọ fún un. Kò kún un, kò dín in. Ìka mẹ́ta, ìka mẹ́rin, Horipodo, Minoti.

Mínísítà ní kí wọ́n mú ìwé wá. Gopen kà á pẹ̀lú ohùn wẹ́wẹ́.

"Ìka ẹkùn hù?" ni Mínísítà wí.

"Nípa oúnjẹ ìjọba, sà," ni Gopen wí.

"Èmi náà ti ń jẹ oúnjẹ ìjọba fún ọdún mọ́kànlélógún. Eyín mi méjì tó yọ kò tíì hù." Ó wo Nibaran láti òkè dé ilẹ̀. "Ó dá yín lójú pé apànìyàn ló wà nínú ilé yẹn?"

"Mínísítà, bí ọmọ ṣe ń sùn lẹ́yìn ìyá rẹ̀ ni màá ṣe sùn síta lórí bèbè yìí lálẹ́ òní."

"Ó dáa. Ẹ gbé bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ wá."

Wọ́n gbé bẹ́ẹ̀dì wá, wọ́n ta àwọ̀n ẹ̀fọn. Nibaran dùbúlẹ̀ pẹ̀lú bọ́tìnnì mẹ́rìnlá. Mínísítà àti àwọn ènìyàn rẹ̀ jókòó sórí àga yíká, nítorí kò sí ilé tó tóbi tó láti gbà wọ́n. Ilẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ṣú nígbà tí nǹkan kan bú láti òdìkejì Odò Tóóró. Ohùn náà kò ga. Inú ilẹ̀ ló gbà wá, ó sì wọ inú egungun lọ. Gbogbo wọn wo Ààfin Àánú. Ẹkùn tó wà níbẹ̀ ti nà gbalaja, ẹnu rẹ̀ pa dé, òun náà ń wo òdìkejì.

Àgbà kì í sáré lásán. Nibaran kò dúró ká àwọ̀n ẹ̀fọn. Ó gbé e lọ́rùn sáré bí ìyàwó tuntun tó bọ́ lọ́wọ́ ọkọ. Ibi kan ṣoṣo ló ní irin lára ní gbogbo Hentalbari, yàrá kejì Ààfin Àánú, èyí tó kọ́ fún ẹkùn ọdún tó ń bọ̀. Ó wọlé. Gopen wọlé. Mínísítà wọlé pẹ̀lú mẹ́sàn-án. Ẹni tó kẹ́yìn fi ẹsẹ̀ kọ́ okùn, ilẹ̀kùn irin sì já bọ́.

Ọmọdé ẹkùn náà dìde, ó rìn wá sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri irin tó wà láàrin wọn, ó jókòó, ó sì ń wò wọ́n. Ó ti ń wo ènìyàn láti inú irin fún ọjọ́ púpọ̀. Ó tó àkókò kí ọjà yí padà. Ohun tí àwọn méjìlá náà bá ara wọn sọ títí ilẹ̀ fi mọ́, èmi ò ní sọ fún ọmọdé.

Nígbà tí ìmọ́lẹ̀ àkọ́kọ́ là, àwọn ará abúlé jáde papọ̀, wọ́n ń lu agolo. Kalidasi ló ṣáájú. Ó rí i kí ó tó dé ibẹ̀: ipa ẹsẹ̀ tútù nínú ẹrẹ̀, ó wá láti odò, ó yí Ààfin Àánú ká lẹ́ẹ̀kan, ó yí i ká lẹ́ẹ̀kejì, ó padà sódò. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ bó ṣe bẹ̀rẹ̀ lọ́dún méjì sẹ́yìn. Fún ìṣẹ́jú díẹ̀ kò rántí pé ènìyàn kankan wà nínú irin.

Mínísítà ti kúnlẹ̀ ní tirẹ̀ nínú, ó yọ ìka láàrin irin, ó ń kà. "Ọ̀kan. Méjì. Mẹ́ta."

"Ẹ máa kà á lọ, sà," ni Bàbá Sattar wí.

"Ó tán."

Nibaran la ẹnu. "Ó ṣeé ṣe kí ọ̀kan ti wọlé padà, sà, nítorí òtútù."

Gopen ti ṣí agbòòrùn sórí Mínísítà nínú yàrá náà. "Sà, ó pẹ́ tí mo ti ń bá ọ̀gá yìí sọ ọ́," ni ó wí.

"Ẹ fa ilẹ̀kùn yìí sókè," ni Mínísítà wí. "Ìyá, ẹ jọ̀ọ́. Omi ti tún ń fà. Atukọ̀ ní bí a kò bá lọ nísinsìnyí, a ó tún sùn níbí."

Okùn wà lọ́wọ́ Kalidasi. Kò fà á.

"Mo fẹ́ kí wọ́n ti apànìyàn mọ́lé, sà," ni ó wí. "Mo ṣì fẹ́ ẹ. Ṣùgbọ́n ọmọdé ẹkùn yìí kò ṣẹ̀ wá, ẹ dá a padà síbi tí ẹ ti mú un. Èyí tó ṣe é, ipa ẹsẹ̀ rẹ̀ ni kí ẹ fi mú un, ẹ má fi gègé mú un. Títí ẹ ó fi mú un, kí ẹnikẹ́ni má pàṣẹ kí ọmọ mi wọ Odò Tóóró. Kí ẹnikẹ́ni má sì gba ìwé àṣẹ ẹnìkan torí pé ó bẹ̀rù ikú."

"Mo gbọ́. Mo gbà."

"Ẹ kọ ọ́."

Wọ́n wá ìwé. Ọ̀rọ̀ Nibaran ló wà nílẹ̀, apá tí kò tíì kà. Mínísítà kọ gbogbo rẹ̀ sí ẹ̀yìn ojú ìwé kan, ó fọwọ́ sí i, ó sì fi ìlà kan sí i nísàlẹ̀: Nibaran Chakladar kì í ṣe olórí ọ́fíìsì igbó mọ́ láti àárọ̀ yìí. Ó nà án jáde láàrin irin. Kalidasi kò mọ ìwé kà dáadáa. Minoti kà á sókè fún un, lẹ́ẹ̀mejì. Ìgbà náà ló fa okùn.

Ẹ wo bí àwọn àlejò ṣe jáde. Kò sẹ́ni tó rántí òdòdó. Wọ́n ń yọ̀ lórí ẹrẹ̀, wọ́n ń di ara wọn mú, omi ti fẹ́ẹ̀ kúrò lábẹ́ ọkọ̀. Gopen ń sáré pẹ̀lú agbòòrùn lórí Mínísítà, bẹ́ẹ̀ oòrùn kò tíì yọ. Nibaran ló kẹ́yìn. Kò sẹ́ni tó fọn fèrè. Nígbà tó dé etí ọkọ̀, wọ́n ní inú ti kún, kó jókòó sẹ́yìn níbi tí wọ́n ń kó okùn sí. Ó jókòó síbẹ̀, ó ń wo abúlé bí ẹni tó ń retí kí ẹnìkan bẹ̀ ẹ́ pé kó sọ̀rọ̀ díẹ̀ sí i.

Ẹ́ńjìnnì dún. Ọkọ̀ há sórí ẹrẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ó bọ́, ó sì lọ.

Àwọn ará abúlé ń rẹ́rìn-ín, wọ́n ń fara wé bí ọ̀gá ṣe sáré. Kalidasi kò tíì rẹ́rìn-ín. Ó ń wo òdìkejì omi, níbi tí ipa ẹsẹ̀ náà ti wọlé.

"Ìyá," ni Minoti wí, "akàn pọ̀ létí bèbè láàárọ̀ yìí. Ṣé kí n gbé ọkọ̀ jáde?"

"Rárá. Lónìí, a ó sinmi."

Àwọn méjèèjì fa ọkọ̀ kékeré náà gòkè bèbè, ó jìnnà sí omi. Kalidasi da ojú ọkọ̀ náà dé, ó sì jókòó lé e.